Èrò Méjì Tó Jókòó Sí Ìgbáròkó Mi

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀yìn mi kọ́kọ́ dún ní gáréèjì Fìdítì, àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ ní Ìlọrà gbọ́ ọ. Wọ́n fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, òbúkọ kan tó wà láàárín wọn kò sì tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ní Jóbèlè, tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì sáré gbé irinṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ọkọ̀ àjàgbé tí táyà rẹ̀ bẹ́. Kò sí táyà tó bẹ́. Ìbàdí mi ni.

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Ẹ má gbà mí gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀yìn yín ló dún.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi kí bàbá mi tó wá mú mi kúrò níbẹ̀ pé koríko ti bo oko. Nínú ìwé mẹ́rin náà, mo ti gbàgbé ọ̀kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ìwé kíkọ kò le ju mọ́tò wíwà lọ: bí èèyàn bá ti mọ ibi tó ń lọ, tí kò sì jẹ́ kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun dí òun lọ́wọ́, yóò débẹ̀. Ogójì ọdún ni mo ti fi ń wa mọ́tò akérò láti Fìdítì sí Ọ̀yọ́, mo ń gba Jóbèlè, mo ń gba Ìlọrà, mo ń yà sí Ìwàrè bí èrò bá bẹ̀ mí dáadáa.

Mọ́tò tí mo ń wà báyìí kéré. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, mẹ́ta ló ń ṣí. Àwọn tó ṣe é lókè òkun ṣe é fún èèyàn márùn-ún, dẹ́rẹ́bà wà nínú márùn-ún náà. Àwa ní gáréèjì wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin ni ẹ̀yìn ń gbà, méjì ni iwájú ń gbà. Dẹ́rẹ́bà tó bá gbé ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo síwájú, wọ́n á ní aláìsàn ló ń gbé lọ sí ọsibítù.

Ẹnì kejì iwájú yìí kò ní àga tirẹ̀. Ìdajì ìdí rẹ̀ wà lórí àga ẹni tó jókòó ti ilẹ̀kùn, ìdajì kejì wà lórí àga mi, orúnkún rẹ̀ sì ń bẹ níbi tí ọwọ́ mi ti fẹ́ yí jíà. Kí ó lè rí ibi jókòó, èmi ni mo máa sún. N ó sún títí èjìká mi á fi fara ti ilẹ̀kùn, apá òsì mi á sì yọ síta lójú fèrèsé. Àwọn tó ń kọjá lọ́nà máa ń rò pé fáàrí ni. Kì í ṣe fáàrí. Apá náà kò ní ibòmíràn tó lè wà. Ìdí òsì nìkan ni mo fi wa mọ́tò fún ogójì ọdún. Ọ̀tún kàn ń bá wa rìnrìn àjò ni.

Àga náà fúnra rẹ̀ tún ní ìtàn tirẹ̀. Ọkùnrin tí mo ra mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ga bí òpó iná. Kò pẹ́ tí mo rà á tí irin tí àga dẹ́rẹ́bà fi ń sún síwájú sẹ́yìn kán. Mo gbé e lọ bá wẹ́dà kan ní Ìlọrà. Ó wọ abẹ́ àga, ó yọrí.

“Bàbá, ṣé ibi tó wà yìí ni kí n jó o mọ́?”

Èrò ń dúró dè mí. Mo ní, “Jó o mọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ibi tí ẹsẹ̀ ọkùnrin gíga yẹn ti tó kílọ́ọ̀ṣì ló jó o mọ́. Èmi sì rèé, kúkúrú ni mí. Láti ọjọ́ náà, kí n tó lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ní láti na ẹsẹ̀ òsì bí ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ fò, kí ẹ̀yìn mi sì kúrò lára àga pátápátá. Nígbà tó yá, fóòmù abẹ́ mi jìn wọlé, mo ká àpò ìrẹsì méjì sínú ihò náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi nà bẹ́ẹ̀. Mọ́tò ń lọ, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa yọ ohun tí kò ṣe mọ́tò lẹ́nu.

Ó yẹ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ mi, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ẹgbẹ́ mi ni. Iṣẹ́ bíríkìlà ló fi jẹun kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní Jímọ̀ kan, ó gbé àga rọ́bà aláwọ̀ búlúù wá sí mọ́sáláṣí, ó gbé e kalẹ̀ ní ìkángun sáàfù wa, ìyẹn ìlà tí a tò sí, ó jókòó lé e, orí àga náà ló sì ti kírun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a ti sálámà tán, mo kọjú sí i.

“Alága, ẹ kú ìjókòó o. Ṣé ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀?”

“Dẹ́rẹ́bà, Ọlọ́run á jẹ́ kí o dé ibi tí mo dé.”

“Àmín. Bí mo bá débẹ̀, n ó dúró ni, n kò ní jókòó. Èmi ni n ó jókòó níwájú Ọlọ́run, bí ẹni tó ń dúró de ọ̀gá ní kánsù Jóbèlè? Ọjọ́ tí ẹ bá rí mi lórí àga nídìí ìrun, kí ẹ yáa gbẹ́ sàréè, kí ẹ wẹ̀ mí, kí ẹ sin mí.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń fi àtàǹpàkò nu erùpẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ àga náà. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo Fìdítì ti ń pè é ní Alága. Kódà àwọn tó wà lórí ọ̀kadà máa ń dín eré kù láti kí i pé, “Alága, ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Kò ju oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ẹ̀yìn mi fi dún.

Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti ṣí bùútù fún obìnrin kan tó ń kó agbọ̀n ọsàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹsẹ̀ òsì mi balẹ̀, ìbàdí mi kò tẹ̀lé e. Nǹkan dún nínú ẹ̀yìn mi, nǹkan kan sì gba ìgbáròkó òsì sọ̀kalẹ̀ wọ itan bí omi gbígbóná. Mo tẹ̀ kò, mo kọjú sílẹ̀, n kò lè gbéra.

Obìnrin ọlọ́sàn náà dé ọ̀dọ̀ mi. “Bàbá, kí lẹ ń wá?”

Ojú ń tì mí. Mo ní, “Abẹ́rẹ́ ni.”

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, òun náà tẹ̀ mọ́ mi. Ẹlòmíràn dé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èèyàn mẹ́rin ló ń bá mi wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù. Ọ̀kan nínú wọn rí i. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kírun Àṣámù nílé. Mo lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́, iwájú orí mi kan ẹní. Dídìde ló di ẹjọ́. Ìyàwó mi ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó wá dúró.

“Baálé mi, àdúrà yín mà gùn lónìí.”

“Nǹkan kan ni mo ń tọrọ.”

“Kí lẹ ń tọrọ?”

“Kí o wá gbé mi dìde.”

Iléyá ku nǹkan bí oṣù méjì. Ní Iléyá, gbogbo ìlú ló ń lọ sí yídì: àwọn ará gáréèjì, àwọn tó ń gbé Ìbàdàn tí wọ́n wá ṣọdún, àwọn àna, àwọn ọ̀tá. Kò sí ibi tí èèyàn lè sá pa mọ́ sí ní pápá gbalasa. Bí orí mi kò bá lè kan ilẹ̀ kí n sì dìde fúnra mi lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé àga ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sì sọ nípa àga, níwájú èèyàn tí kò dín ní ogún, kò ṣeé kó jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa Jímọ̀ jẹ. Bí wọ́n bá bi mí, mo ní ọ̀nà Ìwàrè ni ìrun ká mi mọ́.

Ìyàwó mi mọ ohun tó ń ṣe mí kí n tó ṣàlàyé tán. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sí ohun tó lè ṣe ìbàdí àgbàlagbà tó ju jẹ̀díjẹ̀dí lọ. Bí ilé bá wó lu èèyàn ní ìbàdí, ẹnì kan á ṣì bi í bóyá ó máa ń mu gàrí pẹ̀lú ṣúgà.

“Ṣúgà ni!” ló ní. “Mo ti ń wí, mo ti ń wí. Ṣúgà mẹ́fà nínú ife tíì kan!”

“Márùn-ún ni.”

“Ẹ rí i!”

Ó kó ṣúgà kúrò nínú ilé. Ó lọ ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ìgò ńlá kan, ó dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Ó korò tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin kan tó bọ́ sínú rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, tó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń ronú. Mo mu ún láàárọ̀, mo mu ún lálẹ́, ní ọjọ́ kẹta mo kó èrò mẹ́fà, mo gbéra lọ sí Ọ̀yọ́.

A kò tíì kúrò ní Jóbèlè tán tí ikùn mi fi ránṣẹ́. Mo páákì, mo wọ oko ẹ̀gẹ́ kan. Mo padà, mo wakọ̀ díẹ̀, mo tún páákì. Nígbà kẹta, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú mọ́tò.

“Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹ ní oko níbí ni?”

Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn dá a lóhùn. “Ẹ fi í sílẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń jáde. Bàbá, ẹ rọra o, ẹ jẹ́ kó jáde tán, àwa ò kánjú.”

“Ìyá, èmi ń kánjú.”

“Ìwọ sọ̀kalẹ̀, kí o máa sáré lọ.”

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo wọ oko kí a tó rí Ìlọrà. Lọ́dún yẹn, ẹ̀gẹ́ oko náà ta débi pé nígbà tí wọ́n hú u, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe afárá sórí odò kékeré tó wà lọ́nà Ìwàrè, ọ̀kadà sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Inú mi mọ́ bí ìgò tí wọ́n fọ̀. Ìgbáròkó mi ń dùn mí bó ṣe ń dùn mí tẹ́lẹ̀.

Tíṣà kan ló sọ fún mi pé a ń lé eku nígbà tí ológbò wà lórí ẹran. Obìnrin ni, ó máa ń bá mi lọ sí Ọ̀yọ́ láràárọ̀, òun ló sábà máa ń jókòó sí àárín níwájú. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń ké “háà” lábẹ́lẹ̀, òun sì ti kà á: ó ń lọ bíi mẹ́tàlélógún láti Fìdítì sí Ìlọrà.

“Bàbá, jẹ̀díjẹ̀dí kì í dúró de kílọ́ọ̀ṣì.”

Ó júwe ọsibítù kan fún mi ní Ọ̀yọ́, ó ní obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú eegun àti iṣan láìgún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ti pé kò gún abẹ́rẹ́ yìí ló mú mi lọ.

Obìnrin náà kò dàgbà ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó tẹ ibì kan ní ìgbáròkó mi tí mo fi ké pe orúkọ bàbá mi. Lẹ́yìn náà ó bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Mo ní mọ́tò ni mo ń wà. Ó fa àga onígi kan sáàárín yàrá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbí, bí ẹ ṣe máa ń jókòó nínú mọ́tò gẹ́lẹ́.”

Mo jókòó. Mo na ẹsẹ̀ òsì. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì lé fèrèsé tí kò sí níbẹ̀. Mo ká ara mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wò mí pẹ́. Ó rìn yí mi ká, ó wá bẹ̀rẹ̀ wo apá ọ̀tún àga náà tó ṣófo.

“Ta ló jókòó síbí?”

“Èrò ni.”

“Ẹni mélòó?”

“Méjì. Ọ̀kan sanra.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ gbára lé ògiri. Ó nu ojú. Ó ní, “Bàbá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ẹ wá jókòó bí ẹni tó ni àga.”

Mo gbìyànjú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Bí mo ṣe jókòó gbọọrọ, ó dà bíi pé mo fẹ́ ṣubú lu èèyàn lẹ́sẹ̀. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Kí n tó mọ̀, mo ti tún wọ́ padà sí òsì.

Ó wá ṣàlàyé fún mi, kò sì sọ èyí tí kò yé mi. Ó ní ìgbáròkó dà bí irin tí wọ́n fi gbé ilẹ̀kùn kọ́: bí ilẹ̀kùn bá wọ́, irin náà á máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ àfìgbà tó bá há. Ó ní ẹ̀yìn mi kò rí nǹkan fara tì nígbà tí mo bá ń na ẹsẹ̀. Ó ní kí n fa àga sún mọ́ sítíárì, kí orúnkún mi máa tẹ̀ díẹ̀ tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀. Kí n ká aṣọ sí ẹ̀yìn ìbàdí. Kí n máa sọ̀kalẹ̀ rìn díẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá dé gáréèjì, kí n yéé sùn lórí sítíárì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹnì kan ṣoṣo níwájú.

Mo bi í ní ohun tó gbé mi wá. “Ṣé n ó lè forí kanlẹ̀ kí Iléyá tó dé?”

Ó ní, “Ẹ̀yìn yín á sàn, Bàbá. Ìyẹn dá mi lójú. Ìgbáròkó yẹn ni n kò lè ṣèlérí rẹ̀. Ó ti pẹ́. Bó bá kọ̀, ẹ má fipá tẹ̀ ẹ́.”

Etí ọ̀tún mi gbọ́ ti ẹ̀yìn. Etí òsì kò gbọ́ ti ìgbáròkó.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ti èrò méjì náà fún ìyàwó mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bí mo ṣe jókòó lórí àga pálọ̀ wa.

“Mo ti rí i tipẹ́,” ló ní. “Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí lẹ ti ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Mo rò pé ìyàwó kejì lẹ ń retí ni.”

“Kí ló dé tí o kò bi mí?”

“Mo ní kó dé ná.”

Mo gbé mọ́tò lọ bá wẹ́dà Ìlọrà. Òun náà ti hu ewú. Ó wo ibi tó jó, ó rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n jó o mọ́ bẹ́ẹ̀ o.”

“Èmi ni.”

“Mo bi yín.”

“O bi mí. Gé e.”

Ó gé e, ó sún àga síwájú ní ìbú ọwọ́ méjì, ó tún un jó. Wọ́n kó àpò ìrẹsì jáde, wọ́n fi fóòmù tuntun sí i. Bí mo ti jókòó, mo rí imú mọ́tò mi láti ibi tí mo wà. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wà á, n kò mọ̀ pé ó ní imú. Ìyàwó mi fún mi ní ìborùn rẹ̀ kan tó ti gbó, mo ká a sí ẹ̀yìn ìbàdí.

Ti ẹnì kan ṣoṣo níwájú ló le jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní gáréèjì bi mí bóyá ìyàwó tuntun ni mo gbé. Àwọn èrò ò gbà. Obìnrin ọlọ́sàn nì ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kan nígbà tí ẹnì kan ti wà níwájú, ó ní, “Bàbá, ẹ sún díẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìṣòro mi. Bí wọ́n bá ti ní “ẹ sún”, ìdí mi á ti sún kí orí mi tó gbọ́. Ó ti jókòó kí n tó rántí ọsibítù. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan sí àárín, mo fi okùn dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n kẹ́gàn mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí kẹ́ẹ̀gì náà káàárọ̀.

Láràárọ̀, mo ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo ń fa orúnkún wá sí àyà bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ọsibítù. Ogún ìgbà ni wọ́n ní. Ìyàwó mi ló ń kà á, ó sì ń kà á bí oníbàárà tó ń ka iṣu lọ́wọ́ oníṣu tí kò gbajú mọ́ ọn: bó bá dé méjìlá, á padà sí mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó fi máa ku ọ̀sẹ̀ kan sí ọdún, mo ń lọ Ọ̀yọ́, mo ń bọ̀, “háà” kan ṣoṣo kò jáde lẹ́nu mi. Tíṣà náà ní àárín Fìdítì sí Ìlọrà ti wá dákẹ́ jù.

Ọjọ́ Iléyá pé. Mo wọ agbádá funfun, mo tẹ́ ẹní mi sí sáàfù kejì. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí àga rẹ̀ ní ìkángun. Lèmọ́ọ̀mù ké kábárà, mo tẹ̀, mo lọ sílẹ̀, ìgbáròkó mi ká bí ewé tuntun, iwájú orí mi kan ẹní, mo sì gbóòórùn koríko abẹ́ rẹ̀. Mo dìde láìdi nǹkan mú. Nígbà tí a parí, mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín, òun náà mi orí.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi mọ̀wé jù mí lọ, bí ẹnì kan bá sì máa ka èyí ní Fìdítì, òun ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, mo gbìyànjú ìforíkanlẹ̀ nínú yàrá. Ẹ̀yìn mi gbà. Ìgbáròkó há ní agbedeméjì, kò lọ, kò bọ̀. Mo rántí pé wọ́n ní kí n má fipá tẹ̀ ẹ́. Lówùúrọ̀, mo sọ fún ìyàwó mi pé n kò ní lọ sí yídì, pé èmi ni n ó ṣọ́ àgbò.

“Ta ló fẹ́ jí i gbé? Gbogbo olè ló wà ní yídì.”

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àga rọ́bà méjì ló kì bọ ara wọn, tó gbé dání, búlúù lókè, funfun nísàlẹ̀. Kò wo àga, kò wo èmi náà.

“Dẹ́rẹ́bà, mọ́tò dà? Orúnkún mi ò lè rìn dé yídì.”

Mo gbé e. Òun nìkan ló jókòó síwájú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, àwọn àga wà lẹ́yìn. A dé yídì. Ó gbé méjèèjì kalẹ̀ ní ìkángun sáàfù, ó jókòó sórí búlúù. Mo dúró ti funfun. Àwọn kan tó wà níbẹ̀ ní Jímọ̀ ọjọ́sí ń wò mí.

Mo bi í pé, “Sàréè mi dà?”

Ó ní, “Jẹ́ ká kọ́kọ́ kírun ná.”

Mo jókòó. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó tì mí léjìká díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Mo ti tún wọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

“Jókòó dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ mọ́.”

Nítorí náà, ìforíkanlẹ̀ tí mo sọ lókè yẹn, irọ́ ni, èmi ni mo hun ún. Orí àga ni mo ti kírun Iléyá, orí rẹ̀ náà ni mo sì ti ń kí gbogbo Jímọ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n ti ń pe àwa méjèèjì ní Alága. Ewúrẹ́ Ìlọrà kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀gẹ́ kankan kò sì di afárá. Àwọn yòókù rí bí mo ti sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn náà, wọ́n rí i lóòótọ́. Ó wà nínú agolo ìránṣọ ìyàwó mi.